Ta ló ti fi àlòkù ṣe irinṣẹ́ tí a fi ń wá àléébù rédíò? Ẹ bá wa dá sí i

Ọmọ_Òròkí kọ pé:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi lọ́kùnrin lóbìnrin. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀mù ni, mo sì ti rí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Old Garage níbí ní Òṣogbo. Mítà kan, áyọ́ọ̀nù tí a fi ń jó wáyà pọ̀ kan àti lẹ́ẹ̀dì ni mo ní. Lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, a ní oscilloscope (ẹ̀rọ tó ń fi ìrísí ìgbì iná hàn lójú gíláàsì) àti ẹ̀rọ tó ń pèsè sígínà, ṣùgbọ́n owó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò tíì sí lọ́wọ́ mi. Ohun tó wà nílẹ̀ ni àpò ìrẹsì tó kún fún òkú rédíò, rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan, àti páwà páàkì kọ̀ǹpútà tí mo rà lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń ti ọmọlanke kiri. Àgbà ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Rédíò tí wọ́n ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ń gbé wá, wọn ò sì fẹ́ gbọ́ pé kí wọ́n lọ ra tuntun. Kí ni mo lè fi àwọn ẹrù yìí kọ́ tí n ó fi mọ ibi tí rédíò ti kú gan-an, kí n má kàn máa méfò, kí n máa yọ ẹ̀yà kan fi òmíràn sí i?

Bàbá_Tiransísítọ̀ kọ pé:

Kú oríire fíríìdọ̀mù, àbúrò. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọjà tà.

Kí o tó kọ́ ohunkóhun tó ń wá sígínà, kọ́kọ́ kọ́ ohun tí kò ní jẹ́ kí rédíò oníbàárà jóná mọ́ ẹ lọ́wọ́. Gílóòbù ni. Kì í ṣe LED o, kì í sì í ṣe èyí tí kì í jẹ iná púpọ̀. Èyí tó ní wáyà tín-ín-rín nínú tó máa ń gbóná ni mò ń wí, 60 wáàtì tàbí 100 wáàtì. Tí o ò bá rí i ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta nǹkan iná, béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń sin adìyẹ, òun ni wọ́n fi ń mú òròmọdìyẹ móoru. Gílóòbù yìí á jókòó sójú ọ̀nà wáyà láìfù, láàárín púlọ́ọ̀gì tó wọ ògiri àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wàá ki rédíò sí. Tí ṣọ́ọ̀tì bá wà nínú rédíò, gílóòbù á tàn yanran, nǹkan kan ò sì ní jóná, torí pé gílóòbù 60 wáàtì lórí 230 fóòtì kò lè jẹ́ kí iná tó ju bí 0.26 amp lọ kọjá. Tí rédíò bá dára, á tàn fẹ́ẹ́ bí kapásítọ̀ ńlá ṣe ń gba iná sára, á sì rọlẹ̀.

Gílóòbù mìíràn tún wà tó yẹ kó wà lórí tábìlì ẹ, tí o so wáyà méjì gígùn mọ́, tí kò lọ sínú ògiri rárá. Òun ni wàá fi máa sọ iná inú kapásítọ̀ ńlá di òfo kí o tó fọwọ́ kan páńẹ́ẹ̀lì. Inú páwà páàkì kọ̀ǹpútà, iná tó wà lórí kapásítọ̀ ibẹ̀ ń lọ sí bíi 325 fóòtì, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí o bá ti yọ púlọ́ọ̀gì. Fi gílóòbù fà á tán, kí o tún fi mítà wò ó.

Ẹ̀rọ_Ọ̀ṣun kọ pé:

Bàbá ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Èmi á fi kún un pé má tú páwà páàkì yẹn rárá, iná tábìlì ló máa ṣe fún ẹ, ìyẹn ibi tí wàá ti máa fún rédíò níná lórí tábìlì. Wáyà aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo ló wà nínú ìdì wáyà rẹ̀. So ó mọ́ dúdú èyíkéyìí, fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Yẹ́lò ni 12 fóòtì, pupa ni 5, olómi ọsàn ni 3.3. Àwọn kan wà tí wọn kì í dúró ire àfi tí nǹkan bá ń jẹ iná lórí 5 fóòtì. Fún irú wọn, so resísítọ̀ funfun onígun mẹ́rin, 10 ohm 10 wáàtì, láàárín pupa àti dúdú. Àbọ̀ amp ló máa jẹ.

Ìyá_Lẹ́ẹ̀dì kọ pé:

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀rọ_Ọ̀ṣun, ẹ má bínú o, mi ò bá yín lọ délẹ̀ lórí èyí. Páwà páàkì kọ̀ǹpútà dára fún ámúpù, ó dára fún iná mọ́tò, ó dára fún LED. Fún rédíò, pàápàá AM, wàhálà ni. Ọ̀nà tó ń gbà ṣe iná, títan àti pípa lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ariwo rẹ̀ máa ń wọ inú rédíò láti ìsàlẹ̀ AM dé òkè. Ọmọ yìí á máa wá àléébù tí kò sí nínú rédíò, tó jẹ́ pé iná tábìlì ló ń pariwo.

Àbúrò, ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn, tiransfọ́mà onírin tó wúwo ló wà nínú ẹ̀. Yọ ọ́. Tó bá jẹ́ 12 fóòtì AC ló ń mú jáde, dáyóòdù 1N4007 mẹ́rin, kapásítọ̀ 2200µF oní 25 fóòtì, wàá ní bíi 15 fóòtì DC. Ra LM317 kan ṣoṣo, ẹ̀yà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń mú iná dúró sí iye fóòtì tí a bá fẹ́. Resísítọ̀ 240 ohm láti ẹsẹ̀ àárín tó ń mú iná jáde sí ẹsẹ̀ òsì tí a fi ń ṣètò, fólíùmù 2.2k láti ẹsẹ̀ òsì yẹn sí nẹ́gétíìfù. Wàá lè yí iná láti 1.25 fóòtì dé bíi 12. Má lo fólíùmù tí o yọ lára rédíò fún èyí o. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ 50k, bí o bá sì yí i díẹ̀ báyìí, iná á ti fò dé òkè. Tí o bá sì fẹ́ kí etí ẹ gbọ́ nǹkan kedere lórí AM, bátìrì ni kí o fi ṣiṣẹ́ náà, kí o sì pa ínfátà àti ṣájà gbogbo tó wà nítòsí.

Ọmọ_Òròkí kọ pé:

Ẹ ṣé gan-an, mà. N ó yọ tiransfọ́mà yẹn lónìí. Lẹ́yìn iná, kí ló kàn?

Bàbá_Tiransísítọ̀ kọ pé:

Ohun méjì ni. Ọ̀kan tó ń fi ohùn sínú rédíò, àti ọ̀kan tó ń tẹ́tí sí ohun tó wà nínú ẹ̀. Tí o bá ní méjèèjì, ìwọ̀nba rédíò ló kù tó lè fi àìsàn rẹ̀ pamọ́ fún ẹ.

Èyí tó ń fi ohùn sí i ni kí o kọ́kọ́ ṣe torí kò tó nǹkan. Tiransísítọ̀ NPN méjì, C945 tàbí C1815 tàbí BC547, èyí tó bá ti wà. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní: kọlẹ́tọ̀, béèsì àti ẹ́mítà. Ọ̀kan á máa pa ìkejì, ìkejì á máa pa ọ̀kan. Resísítọ̀ 4.7k láti kọlẹ́tọ̀ kọ̀ọ̀kan sí pọ́sítíìfù, 68k láti béèsì kọ̀ọ̀kan sí pọ́sítíìfù, kapásítọ̀ tí wọ́n kọ 103 sí lára (10nF) láti kọlẹ́tọ̀ ti àkọ́kọ́ sí béèsì ti ìkejì, òmíràn láti kọlẹ́tọ̀ ti ìkejì sí béèsì ti àkọ́kọ́. Ẹ́mítà méjèèjì lọ sí nẹ́gétíìfù. Bátìrì kan ṣoṣo, 1.5 fóòtì, ti tó o. Ohùn jáde láti ara kọlẹ́tọ̀ kan gba inú kapásítọ̀ 102. Kí 102 yẹn jẹ́ èyí tó lè gba fóòtì púpọ̀, torí ọjọ́ tí wọ́n bá gbé rédíò onígò àtijọ́ wá bá ẹ, fóòtì inú rẹ̀ ga gan-an.

Ṣọ́ra fún ẹsẹ̀ wọn. Tí o bá kọjú ibi pẹlẹbẹ sí ara ẹ, ẹsẹ̀ àárín C945 àti C1815 ni kọlẹ́tọ̀, béèsì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. BC547 kò rí bẹ́ẹ̀, béèsì ló wà láàárín tirẹ̀. Púpọ̀ ọmọṣẹ́ ló máa ń rò pé tiransísítọ̀ ti bàjẹ́, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n kàn gbé e sí òdì ni.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ẹlẹ́tírọ́níìkì kọ pé:

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò rẹ̀ kún un, sà. Iye ìgbà tó ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan jẹ́ 0.72 tí a pín pẹ̀lú resísítọ̀ béèsì ní ìlọ́po kapásítọ̀. 68k àti 103 á fún wa ní bíi 1,060, ohùn tí etí gbọ́ dáadáa. Ìdí tí ohun kékeré yìí fi lè dán AM wò pẹ̀lú ni pé ìgbì rẹ̀ jẹ́ onígun, kì í ṣe èyí tó ń lọ sókè sódò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìgbì omi. Ìgbì onígun máa ń bí ọmọ lọ sókè, ní ìlọ́po mẹ́ta, márùn-ún, méje, títí lọ dé ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún kHz. Nítorí náà, ohun kan náà tó ń dún nínú sípíkà á dún bí o bá fi kan ìpele 455 kHz pẹ̀lú, ìyẹn apá rédíò AM tí ìgbì ilé iṣẹ́ rédíò yòówù ti ń di 455 kHz kí ó tó di ohùn.

Ìyá_Lẹ́ẹ̀dì kọ pé:

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti èyí tó ń tẹ́tí sílẹ̀, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo irinṣẹ́ tó wà lórí tábìlì mi.

Nínú òkú rédíò tó wà lọ́wọ́ ẹ, wá èyí tí apá tó ń gba ilé iṣẹ́ rédíò ti kú ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ ṣì dára. Bí o ṣe máa mọ̀ ni pé kí o tan án, kí o gbé fólíùmù sókè, kí o fi ìka kan ẹsẹ̀ òkè fólíùmù náà. Kí ó jẹ́ lórí bátìrì nìkan ni o! Tó bá han húù, ámúpù inú rẹ̀ wà láàyè. Gé ohun tó ń bọ̀ láti iwájú kúrò lára ẹsẹ̀ fólíùmù yẹn, so wáyà tí a fi nẹ́ẹ̀tì yí ká mọ́ ọn, irú èyí tí wọ́n ń lò fún máíìkì. Nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ sí nẹ́gétíìfù.

Orí wáyà náà ni iṣẹ́ wà. Bu ike bírò, yọ tádàá rẹ̀ kúrò. Ki abẹ́rẹ́ ìránṣọ bọ ẹnu ibi tí tádàá ti ń jáde kí ó yọ díẹ̀ síta. Abẹ́rẹ́ dára torí ó máa ń gún fáníìṣì orí páńẹ́ẹ̀lì wọlé, kò sì ní yọ̀ lọ kan ẹsẹ̀ kejì. Nínú ike, jó kapásítọ̀ 101 mọ́ ìdí abẹ́rẹ́. Láti ìdí kapásítọ̀, dáyóòdù kan lọ sí nẹ́gétíìfù, resísítọ̀ 47k sì lọ sínú wáyà tó ń lọ sí fólíùmù. Dáyóòdù yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ ti jẹmáníọ́ọ̀mù, èyí tó wà nínú gíláàsì tí èèyàn lè rí inú rẹ̀: OA90, OA91, 1N60 tàbí 1N34. Wàá rí i nínú rédíò àtijọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóìlì dúdú, ọ̀kan nínú àwọn kóìlì kéékèèké inú páálí irin tí wọ́n kun orí wọn ní yẹ́lò, funfun àti dúdú, tí wọ́n wà fún 455 kHz. Dáyóòdù ti sílíkọ́ọ̀nù fẹ́ bíi 0.6 fóòtì kó tó ṣí, sígínà tí à ń wá kò sì tó bẹ́ẹ̀. Jẹmáníọ́ọ̀mù á ti ṣí ní bíi 0.2. Nígbà tí o bá ń jó o, fi pílásì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú láàárín áyọ́ọ̀nù àti gíláàsì kí ooru má bàa dé inú rẹ̀.

Ṣe wáyà kejì tó jẹ́ kapásítọ̀ 104 nìkan ló wà lórí rẹ̀, láìsí dáyóòdù. Èyí fún ibi tó ti di ohùn, láti fólíùmù dé sípíkà. Ti dáyóòdù fún gbogbo ibi tó ṣáájú.

Bí a ṣe ń lò ó kò le. Bí ẹni ń wá ibi tí páìpù omi ti dí ni, àárín ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, má bẹ̀rẹ̀ láti orí. Fi ohun tí Bàbá kọ́ ẹ yẹn sí ẹsẹ̀ àárín fólíùmù rédíò tó ń ṣàìsàn. Tí sípíkà bá dún, ìdajì rédíò náà ti bọ́, iwájú ni wàhálà wà. Tí kò bá dún, máa fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé ohùn náà láti fólíùmù títí dé ibi tó ti pòórá.

Alágbàṣe_Iná kọ pé:

Mo fẹ́ ṣe ìkìlọ̀ kan kí a tó tẹ̀ síwájú. Nítorí pé a ń sọ̀rọ̀ àlòkù, ẹnìkan lè ronú ààrò máíkírówéèfù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jìnnà sí tiransfọ́mà àti kapásítọ̀ inú rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì ló wà níbẹ̀, ó sì ń pààyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá àtijọ́ náà, gíláàsì ńlá ojú rẹ̀ lè ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún fóòtì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó wúlò fún rédíò kò sí níbẹ̀ tó tó kí èèyàn fi ẹ̀mí wewu. Ẹ má sì ṣe so wáyà gígùn mọ́ ohun tó ń pèsè sígínà kó máa dún jáde lọ sí àdúgbò. Àjọ NBC, tó ń mójú tó iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà, ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ láti gbé ohùn sáfẹ́fẹ́, iṣẹ́ orí tábìlì nìkan ni tiwa.

Ẹlẹ́rọ_Òkè_Baálẹ̀ kọ pé:

Ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Irinṣẹ́ kan wà tí ẹnì kankan ò tíì dárúkọ, tí kò sì gba pé kí a jó ohunkóhun: rédíò kejì tó ń ṣiṣẹ́.

Inú rédíò kọ̀ọ̀kan, ohun kan wà tó ń pèsè ìgbì tirẹ̀ láti fi pàdé ti ilé iṣẹ́ rédíò. Tí ìyẹn bá kú, rédíò á máa ṣe ṣìì lásán, kò ní gba ibì kankan. Lórí AM, ìgbì yẹn fi 455 kHz ga ju ibi tí a yí rédíò sí. Yí rédíò tó ń ṣàìsàn sí 1000, gbé e sún mọ́ èyí tó dára, kí o wá yí èyí tó dára díẹ̀díẹ̀ ní àyíká 1455. Tí ariwo bá rọlẹ̀ lójijì tàbí tí súfèé bá dún, tí ibẹ̀ sì ń sún bí o ṣe ń yí rédíò àìsàn, ọkàn rẹ̀ ń lù. Wá wàhálà síbòmíràn.

Ti FM, 10.7 MHz ló fi ń ga jù lọ́pọ̀ ìgbà. Ní Òṣogbo níbí, yí aláìsàn sí 91.7, ibi tí Rave FM wà, kí o fi èyí tó dára wá 102.4. Má ṣe lo 104.5 ti OSBC fún un, torí 115.2 ni yóò já sí, ìyẹn sì ti kọjá 108 tí rédíò wa parí sí. Ọ̀nà yìí kò ṣiṣẹ́ fún àwọn rédíò kéékèèké oní mẹ́mórì káàdì, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà kọ́ inú wọn. Fún rédíò tí àwọn àgbà ń gbé wá bá ẹ, ó péye.

Ẹ̀rọ_Ọ̀ṣun kọ pé:

Ẹ̀gbọ́n, èyí wọ̀ mí lára. Ó sì rán mi létí rìmóòtù tí àbúrò wa ní. Tú wọn wò. Nínú ọ̀pọ̀ rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, wàá rí ohun kékeré onígun mẹ́rin, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tí wọ́n kọ 455E sí lára. Rìmóòtù ń pín 455 yẹn sí méjìlá láti fi rí bíi 38 kHz tó fi ń ránṣẹ́ sí tẹlifíṣọ̀n. Àwa ò ní pín in. 455 kHz náà gan-an ni ohun tí a fẹ́ fún kóìlì yẹ́lò, funfun àti dúdú.

C945 kan, ẹ́mítà sí nẹ́gétíìfù. 4.7k láti kọlẹ́tọ̀ sí pọ́sítíìfù, 470k láti kọlẹ́tọ̀ sí béèsì. 455E jókòó láàárín kọlẹ́tọ̀ àti béèsì. Kapásítọ̀ 221 kan láti béèsì sí nẹ́gétíìfù, òmíràn láti kọlẹ́tọ̀ sí nẹ́gétíìfù. Bátìrì méjì, 3 fóòtì. Kó gbogbo rẹ̀ sínú agolo mílíìkì tí o ti fọ̀ tó gbẹ, kí o jó nẹ́gétíìfù mọ́ ara agolo, kí sígínà má bàa máa tú jáde láti ibi gbogbo. Wáyà kékeré kan ṣoṣo ni kó yọ jáde.

Ọmọ_Òròkí kọ pé:

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ ṣé. Mo ti tú rìmóòtù mẹ́ta. Ọ̀kan ní 455E, ọ̀kan ní 480E, ẹ̀kẹta kò ní irú rẹ̀ rárá. Ṣé 480 yẹn lè ṣe é? Báwo ni n ó sì ṣe mọ̀ pé èyí tí mo kọ́ ń ṣiṣẹ́, níwọ̀n ìgbà tí mi ò ní oscilloscope?

Ẹ̀rọ_Ọ̀ṣun kọ pé:

Má fi 480 tún kóìlì ṣe o. Rìmóòtù tó ń lo 40 kHz ló ni ín, rédíò tí o bá fi tún ṣe kò ní gbọ́ràn mọ́. Láti mọ̀ bóyá tìrẹ ń ṣiṣẹ́, gbé rédíò tó dára sún mọ́ wáyà rẹ̀, yí i sí 910, ìyẹn 455 lọ́nà méjì. Ṣìì inú rédíò á dákẹ́ níbẹ̀. Yí i lọ sí 1365, á tún dákẹ́. Tan án, pa á, kó o rí i pé òun náà ni.

Tó bá wá di pé kí o tún kóìlì ṣe, fi mítà sí ibi tí dáyóòdù kóìlì dúdú ti ń mú DC jáde. Bẹ̀rẹ̀ láti dúdú, bọ́ sí funfun, kí o parí sí yẹ́lò, máa wá ibi tí fóòtì ti pọ̀ jù. Gbé wáyà agolo jìnnà díẹ̀ kí sígínà má le jù, torí tó bá le jù, rédíò á máa rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, o ò sì ní rí òkè gidi. Má fi sukudíráfà onírin yí i. Gbẹ́ ìdí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tàbí ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ kó ṣe é wọ ojú rẹ̀. Irin á yí ìgbì náà padà, ó sì lè fọ́ ohun dúdú tó wà nínú kóìlì.

Ìyá_Lẹ́ẹ̀dì kọ pé:

Kí o tó fọwọ́ kan kóìlì kankan, fi bírò sàmì sí ibi tó wà. Rédíò tó ń sọ̀rọ̀ lánàá tó wá dákẹ́ lónìí, kóìlì rẹ̀ kò ṣàdédé yí ara rẹ̀.

Ọmọ_Òròkí kọ pé:

Ó dákẹ́ ní 910! Ó dákẹ́ ní 1365 pẹ̀lú! Inú mi dùn kọjá ààlà. Mo ti ṣe ti bírò náà, mo sì ti gbé rédíò ìyá àgbà kan ka iwájú. Mo fi èyí tó ń fi ohùn sínú rédíò kàn án láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú. Ní fólíùmù, ó dún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóìlì dúdú, ó dún. Funfun, ó dún. Bí mo ṣe kọjá sí béèsì tiransísítọ̀ tó wà láàárín yẹ́lò àti funfun, kò dún mọ́.

Bàbá_Tiransísítọ̀ kọ pé:

O ti dé ibẹ̀ nìyẹn, ọmọ mi. Fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ ná, gbé mítà. Fi ẹnu dúdú sí nẹ́gétíìfù, wọn kọlẹ́tọ̀ tiransísítọ̀ yẹn. Ó yẹ kó sún mọ́ iye fóòtì bátìrì, torí inú kóìlì funfun ni iná ń gbà dé ibẹ̀, kóìlì kì í sì í fa iná sẹ́yìn púpọ̀. Tó bá jẹ́ òdo, wáyà tín-ín-rín inú kóìlì funfun ti já, wo ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ìpẹtà aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀. Tí kọlẹ́tọ̀ bá dára, wọn láti béèsì sí ẹ́mítà. 0.6 sí 0.7 fóòtì ni kí o rí tó bá jẹ́ sílíkọ́ọ̀nù. Tí kò bá sí nǹkan kan, resísítọ̀ tó ń gbé iná wá sí béèsì ló ti ṣí. Tó bá pọ̀ ju 0.7 lọ dáadáa, tiransísítọ̀ fúnra rẹ̀ ló já nínú. Tó bá wá jẹ́ kóìlì ni, funfun ni kí o fi rọ́pò funfun. Iye ìgbà tí wọ́n yí wáyà inú dúdú àti yẹ́lò kò bá tirẹ̀ mu. Kọ iye tí o bá rí síbí.